Èso Làpálàpá: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀, Kí Ni A sì Lè Rí Mú Níbẹ̀?

Já èso làpálàpá kan tó ti gbó lára igi ọgbà, kí o sì là á. Èèpo ìta rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ tẹ́lẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti ń dúdú lọ. Inú rẹ̀ pín sí yàrá mẹ́ta, kóró dúdú kan sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Kóró náà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Tí a bá wọ̀n ọ́n, kò pé gíráàmù kan. Fi òkúta fọ́ ọ, èèpo rẹ̀ yóò ṣẹ́ wẹ́wẹ́, wàá sì bá ohun funfun kan nínú. Tẹ funfun yẹn mọ́ bébà, kí o gbé bébà náà sókè sí oòrùn: ojú ibi tó kàn yóò máa dán, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Epo ló rin bébà náà. Ṣùgbọ́n má fi sẹ́nu o. Májèlé wà nínú rẹ̀, a ó sì dé orí ọ̀rọ̀ májèlé náà láìpẹ́.

Igi yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Làpálàpá ni púpọ̀ nínú wa ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní bọ̀tujẹ̀ tàbí olóbòǹtujẹ̀, orúkọ tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì mú dání, tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì fi ń pè é títí di òní. A máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ ṣe ọgbà, kì í sì í pẹ́ hù. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, àgùntàn kì í jẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé ń fi oje rẹ̀ fẹ́ ìfófòó ṣeré, àwọn ìyá àgbà sì ń kán an sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹbí kan náà ni òun, ẹ̀gẹ́, lárà àti igi rọ́bà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn Pọtogí ló gbé e kọjá òkun wá sí erékùṣù Cape Verde, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn dé ibi gbogbo. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Cape Verde ń kó kóró rẹ̀ lọ tà ní Lisbon, níbi tí wọ́n ti ń fi epo rẹ̀ tan àtùpà tí wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti mọ̀ pé epo làpálàpá ń jó. Èyí tó jẹ́ tuntun ni èrò pé a lè fi wa ọkọ̀, kí a fi fò lójú òfuurufú, kí a sì fi rọ́pò epo rọ̀bì.

Ẹ jẹ́ ká wọn èso náà ná, nítorí inú ìwọ̀n ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí wà. Ká ní a kó 100 kílò èso tó ti gbẹ dáadáa jọ. Bí a bá bó o, èèpo ìta nìkan yóò tó 35 sí 40 kílò. Kóró tó kù yóò jẹ́ 60 sí 65 kílò. Bí a bá tún fọ́ àwọn kóró yìí, èèpo dúdú líle yẹn yóò kó nǹkan bíi 25 kílò lọ, funfun inú rẹ̀ yóò sì ṣẹ́ kù bíi 38 kílò. Nínú funfun yìí, ìdajì rẹ̀ tàbí díẹ̀ sí i ni epo. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, nínú 100 kílò èso tí a rù wálé láti oko, epo tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 20 kílò péré. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ lè fún jáde. Ẹ̀rọ ìfúnpo tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ máa ń fún bí ìdá 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún epo náà. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí máa ń fún tó ìdá 75 sí 80. Ìyókù ń bá hàhá lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn já sí. Kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó rí lítà epo kan, kóró tó 4 sí 5 kílò ni yóò lò. Tí a bá ka èso rẹ̀, wọ́n tó 2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni yóò já wọn, ọwọ́ ni yóò bó wọn, fún lítà kan. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi iye yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ olówó kò fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kó owó wọn lé làpálàpá lórí.

Epo náà fúnra rẹ̀ dára, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa wa ló jẹ́ irú èyí tó máa ń dì, ìdí nìyẹn tí epo pupa fi ń dì gbagidi nínú ìgò nígbà ọyẹ́. Ti làpálàpá kò ju nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kì í sì í tètè dì. Ní ti agbára, iṣẹ́ tí kílò mẹ́sàn-án epo dísẹ́ẹ̀lì bá ṣe, kílò mẹ́wàá epo làpálàpá yóò ṣe é. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ó ki jù. Kíki rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fín epo wọlé gba ojú ihò tíńtín kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́sù. Epo tó bá ki kò ní fọ́n ká bí ó ṣe yẹ, kò ní jó tán, èédú yóò sì máa dì sí nọ́sù àti orí písítìnnì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kọṣẹ́.

Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń rọra yí máa ń gba irú epo bẹ́ẹ̀ ju àwọn tuntun lọ. Irú Lister àti àwọn tí wọ́n ṣe ní Íńdíà tó jọ ọ́, èyí tó ń fa ẹ̀rọ ìlọgbàdo ní ọ̀pọ̀ abúlé, lè jó epo làpálàpá tí a sẹ́ dáadáa, pàápàá bí a bá fi dísẹ́ẹ̀lì ṣíná rẹ̀ tí a sì jẹ́ kí epo náà gbóná kó tó wọlé. Irú lílò yìí kò ṣàjèjì sí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì: ní ọdún 1900, níbi àfihàn ńlá kan ní Paris, ilé-iṣẹ́ Otto ti fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan hàn tó ń fi epo ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òde òní kò gba irú ìyẹn. Bí a bá fẹ́ fún un ní epo kóró, àfi kí a kọ́kọ́ sọ epo náà di fífúyẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le láti lóye. Epo kọ̀ọ̀kan dà bí ìyá tó fa ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gílísírìnì ni ìyá, ásíìdì inú ọ̀rá ni àwọn ọmọ. Nítorí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so mọ́ra ni wọn kò ṣe yá nílẹ̀. Tí a bá gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá wọn, tí a sì fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lé mẹ́tánọ́ọ̀lì lọ́wọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dá rìn, yóò sì yá. Àwọn ọmọ tó dá rìn yìí ni à ń pè ní báyódísẹ́ẹ̀lì. Kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà lọ́jà, ni ó ń bá wa tú ọwọ́ wọn. G. Chavanne ti Yunifásítì ìlú Brussels ló gba ìwé-ẹ̀rí fún irú ọ̀nà yìí ní ọdún 1937, epo pupa àti ẹ̀tánọ́ọ̀lì ni ó sì fi ṣe é. Ní 1938, bọ́ọ̀sì kan ti ń fi epo náà ná ọ̀nà Brussels sí Louvain. Èso ọ̀pẹ ti wa bọ́ọ̀sì kí ọ̀pọ̀ ìlú wa tó ní ọ̀dà lójú títì.

Níbi iṣẹ́, wọ́n á gbé epo tí kò ní omi nínú kaná títí yóò fi gbóná tó 60°C. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ní nǹkan bí 65°C ni mẹ́tánọ́ọ̀lì ń hó. Wọ́n á yọ́ sódà sínú mẹ́tánọ́ọ̀lì, wọ́n á dà á sínú epo, wọ́n á sì máa rò ó fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi sílẹ̀ kó tòrò. Tí ó bá jẹ́ inú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ ni, ó dùn ún wò: ohun pupa ràkọ̀ràkọ̀ kan á máa rọra sọ̀ sísàlẹ̀, á máa ṣókùnkùn sí i, èyí tó wà lókè á máa mọ́ sí i, títí ìlà kan yóò fi dá láàárín wọn ṣáká. Ti òkè ni báyódísẹ́ẹ̀lì, ti ìsàlẹ̀ ni gílísírìnì. 100 kílò epo pẹ̀lú nǹkan bíi 11 kílò mẹ́tánọ́ọ̀lì máa ń fún wa ní nǹkan bíi 100 kílò báyódísẹ́ẹ̀lì àti nǹkan bíi 10 kílò gílísírìnì. Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́ ṣan ti òkè kí sódà àti ọṣẹ lè kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì gbẹ omi ara rẹ̀ dànù.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò nínú ilé ìdáná. Mẹ́tánọ́ọ̀lì kò ní àwọ̀, iná ń tètè mú un, bí ó bá sì wọ ara ènìyàn, ó ń fọ́ ojú, ó ń pani. Òun ló wà nínú ògógóró tó pa àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlé, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ọdún 2015.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe epo yìí kì í tètè mọ̀: ibi tí àgbẹ̀ ti sá kóró ni iṣẹ́ wọn ti ń bàjẹ́ tàbí ti ń dára. Kóró tí kò gbẹ dénú tí a sì dì sápò nínú yàrá tó móoru á máa hu èéhù, epo inú rẹ̀ á sì máa kan. Àwọn ásíìdì á ti já ara wọn gbà lọ́wọ́ gílísírìnì kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí sódà bá pàdé irú ásíìdì bẹ́ẹ̀, ọṣẹ ni yóò dà, gbogbo rẹ̀ á sì lọ́ pọ̀ mọ́ra débi pé ti òkè kò ní ya kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí irú ásíìdì yìí má tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú epo làpálàpá tí a kò tọ́jú, ó ti wọ ìdá 14 rí. Kí irú epo bẹ́ẹ̀ tó ṣe é lò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi irú ásíìdì tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ àti mẹ́tánọ́ọ̀lì tọ́jú rẹ̀. Owó ni, àkókò ni. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé, fún ẹni tó ní epo díẹ̀ lábúlé, kí ó kúkú fi ṣe ọṣẹ. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Màlì ti ń ṣe ọṣẹ epo làpálàpá tipẹ́, wọ́n sì ń rí i tà.

Wàyí o, epo ti jáde. Kí ni a ó ṣe sí ìyókù? Nínú 100 kílò èso wa, ẹ̀rọ rí bíi 15 kílò epo fún. 85 kílò tó kù wà nílẹ̀, níbẹ̀ sì ni èrè tàbí òfò wà. Pàǹtí ni àwọn kan kà á sí; èmi kà á sí èyí tó pọ̀ jù nínú oko.

Hàhá tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo fẹ́ dúró lé. Bí a bá fún epo ẹ̀pà tán, kùlíkùlí ló kù, a ó sì jẹ ẹ́. Hàhá sóyà, ẹran ọ̀sìn ń jẹ ẹ́, owó rẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ìfúnpo dúró. Púrótéènì tó wà nínú funfun làpálàpá tí a ti fún epo rẹ̀ tán lè ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ó ju ti sóyà. Ká ní ẹran lè jẹ ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n májèlé méjì pàtàkì wà níbẹ̀. Èkíní ni curcin, tó jọ ti inú kóró lárà. Iná ń pa agbára tirẹ̀. Èkejì ni àwọn tí wọ́n ń pè ní phorbol ester. A sè é, a yan án, kò kú. Àwọn èròjà yìí ló ń ṣe ikùn ọmọdé tó bá jẹ kóró náà báṣubàṣu, tí yóò máa bì, tí yóò sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Kóró náà kò sì korò. Ó dùn lẹ́nu, ìyẹn ló jẹ́ kó léwu fún ọmọdé. Ilé tí ọgbà làpálàpá bá yí ká, kí àwọn àgbà ibẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ dáadáa.

Àwọn làpálàpá kan wà tí kóró wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní májèlé kejì yìí. Ní agbègbè Papantla, ní ìpínlẹ̀ Veracruz ní Mẹ́síkò, wọ́n ń yan kóró làpálàpá kan jẹ, ó wà nínú oúnjẹ ọdún wọn. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Hohenheim ní Jámánì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé phorbol ester kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Tí mo bá jẹ́ olówó tó fẹ́ gbin làpálàpá, irú kóró bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ wá, kí n tó bèèrè iye ilẹ̀.

Títí a ó fi rí irú kóró bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni kí hàhá wa padà sí. Náítírójìn inú rẹ̀ lé ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń wọ 4, ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ìgbẹ́ màlúù. Májèlé inú rẹ̀ máa ń tú ká nínú ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà kí a lò ó ṣáájú ìgbìn, kí a má dà á sí ìdí ohun ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọ̀nà tó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí a kọ́kọ́ dà á pọ̀ mọ́ omi àti ìgbẹ́ màlúù nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Yóò yọ gáàsì tí a lè fi dáná, nǹkan ajílẹ̀ inú rẹ̀ kò sì ní dínkù. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó ti jẹ èrè rẹ̀ nìyẹn.

Èèpo dúdú àti èèpo ìta, igi ìdáná ni wọ́n. Èèpo dúdú ń jó dáadáa, eérú rẹ̀ sì kéré. Èèpo ìta ní eérú púpọ̀, ṣùgbọ́n eérú náà kún fún pọtásíọ́ọ̀mù, ilẹ̀ tún ń fẹ́ ẹ. Gílísírìnì la mọ̀ lójú ọjà, òun là ń fi para nígbà ọyẹ́. Àmọ́ èyí tó ṣẹ́ kù nínú báyódísẹ́ẹ̀lì kò mọ́, mẹ́tánọ́ọ̀lì àti sódà wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó kan ara ènìyàn àfi tí ilé-iṣẹ́ bá yọ́ ọ mọ́.

Àwọn olówó tí mo mẹ́nu bà lókè ńkọ́? Ní ọdún 2003, ìjọba Íńdíà gbé ètò ńlá kan kalẹ̀ pé làpálàpá ni yóò fún wọn ní epo tí wọn yóò máa dà mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ BP àti D1 Oils ti Ìlú Ọba pawọ́ pọ̀ láti gbìn ín sórí mílíọ̀nù kan hẹ́kítà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, 2008, ọkọ̀ òfuurufú Air New Zealand kan gbéra ní Auckland, tí ìdajì epo inú ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ti làpálàpá. Ó fò, ó sì balẹ̀ láyọ̀. Ní 2009, BP ti yọwọ́. Ìkéde tó gbòde nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni pé ilẹ̀ gbígbẹ tí kò wúlò fún oúnjẹ ni yóò gbé igi yìí. Òótọ́ ni pé kì í kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí igi má kú yàtọ̀ sí kí ó so. Wọ́n rò pé hẹ́kítà kan yóò máa so tọ́ọ̀nù márùn-ún kóró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Lórí ilẹ̀ aṣálẹ̀, ọ̀pọ̀ kò rí tọ́ọ̀nù kan.

Ẹ wo òdòdó rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìdí kan níbẹ̀. Nínú ìdì òdòdó kan, akọ tó nǹkan bíi 29 lè wà sí abo kan, abo nìkan ló sì ń di èso. Bákan náà, èso orí ìdì kan kì í gbó pọ̀: ọ̀kan tutù, ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan ti gbẹ. Ẹ̀rọ kò lè kórè irú èyí, àfi ọwọ́, ọwọ́ náà á sì máa padà síbẹ̀ léraléra. Ọ̀pẹ àti ẹ̀pà ti wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí a ti ń ṣa èyí tó dára jù gbìn. Làpálàpá ṣì jẹ́ igi igbó tí a gbé wá sílé.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ ẹ ni ibi tí a ti bá a: ọgbà. Ní Màlì, wọ́n wọn ọgbà làpálàpá, wọ́n sì rí i pé mítà kan rẹ̀ ń mú kóró bíi 0.8 sí 1 kílò wá lọ́dún. Oko tí ọgbà rẹ̀ gùn tó 300 mítà lè fún ni ní lítà 50 tàbí díẹ̀ sí i. Kò lè wa bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn dé Èkó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó lè fa ẹ̀rọ ìlọgbàdo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kó di ọṣẹ tí ìyàwó ilé yóò tà, hàhá rẹ̀ á sì padà sí ìdí àgbàdo. Ilẹ̀ oúnjẹ kò dínkù, ewúrẹ́ kò sì wọ oko. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó gbin ẹ̀ka ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ṣáájú òjò, kí ó máa gé orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka púpọ̀, nítorí orí ẹ̀ka ni òdòdó ń jókòó sí. Kí ó sì yẹra fún oko ẹ̀gẹ́, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn tó ń lọ́ ewé ẹ̀gẹ́ sì lè fara pamọ́ sínú làpálàpá.